Fíìmù Theda Bara jóná, irọ́ tí wọ́n pa mọ́ ọn kò jóná

Lóru ọjọ́ 9, oṣù Keje, ọdún 1937, iná sọ nínú ilé kọnkéré kan ní Little Ferry, ìpínlẹ̀ New Jersey, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Inú ilé náà ni iléeṣẹ́ Fox ń kó àwọn fíìmù rẹ̀ àtijọ́ sí. Ooru mú gan-an lásìkò náà, ilé ọ̀hún kò sì ní ihò tí atẹ́gùn lè gbà dáadáa. Náítíréètì ni wọ́n fi ń ṣe fíìmù nígbà náà, bí ẹ̀tù ìbọn ló sì ṣe ń jó. Bó bá ti ń gbó, á máa tú afẹ́fẹ́ tó ń gbiná síta, ó sì lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Bó bá sì ti gbiná tán, ẹ dà á sómi, á ṣì máa jó nísàlẹ̀ omi. Kílẹ̀ tó mọ́, ohun tó lé ní 40,000 róòlù fíìmù ti di eérú. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 13 kan tó ń gbé ládùúgbò náà pàdánù ẹ̀mí rẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ òṣèré ló wà nínú ilé yẹn. Bóyá la fi rí ẹni tó pàdánù tó Theda Bara nínú wọn. Nǹkan bí 40 fíìmù ló ṣe láyé rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ṣe fún Fox. Èyí tó ṣẹ́ kù tí èèyàn lè wò látìbẹ̀rẹ̀ dópin kò ju nǹkan bíi mẹ́fà lọ.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin òǹkàwé wa lè má gbọ́ orúkọ yìí rí. Láàárín ọdún 1915 sí 1919, Chaplin àti Mary Pickford nìkan làwọn èèyàn sábà máa ń dárúkọ ṣáájú rẹ̀ nídìí sinimá ní Amẹ́ríkà. Theodosia Burr Goodman ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìlú Cincinnati ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1885. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, Júù tó ṣí wá láti Poland, ó sì rí jájẹ dáadáa. Switzerland ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. Ó ka ìwé gíga, ó lo ọdún méjì ní Yunifásítì Cincinnati, ló bá gba New York lọ nítorí tíátà. Ojú rẹ̀ rí màbo níbẹ̀. Ó ti lé lọ́mọ ọdún 29 kí ọ̀nà tó là, nígbà tí olùdarí eré kan tó ń jẹ́ Frank Powell gbé ipa agbọkọlọ́kọ lé e lọ́wọ́ nínú *A Fool There Was*, tó jáde lọ́dún 1915. Ọkùnrin olówó kan tí ìjọba rán níṣẹ́ lọ sókè òkun ni obìnrin inú eré náà dì mú. Kò fi í sílẹ̀ títí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ilé rẹ̀ fi tú, tí ọtí fi sọ ọ́ di jákujàku. Dọ́là 150 ni wọ́n ń san fún Bara lọ́sẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Kó tó kúrò ní Fox, ó ti di dọ́là 4,000 lọ́sẹ̀.

Ibi tí irọ́ ti wọlé nìyí. Ọmọ télọ̀ láti Cincinnati kò lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, àwọn alukoro Fox sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ni wọ́n bá jókòó, wọ́n hun ìtàn tuntun fún un: wọ́n ní Íjíbítì ni wọ́n bí i sí, lábẹ́ òjìji ère Sphinx, wọ́n ní òṣèré ọmọ Faransé ni ìyá rẹ̀, agbẹ́gilére ọmọ Ítálì sì ni bàbá rẹ̀. Wọ́n ní kéèyàn tú lẹ́tà orúkọ rẹ̀ ká, kó tún un tò, pé “ikú Árábù” ló máa rí kà nínú rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ Theda kò ju ìnagijẹ tí wọ́n ń pè é nílé láti kékeré, ara orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì ti gé Bara. Wọ́n yà á ní fọ́tò níbi tó lóṣòó ti egungun òkú èèyàn. Ní Chicago, wọ́n kó àwọn oníròyìn wá bá a nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi aṣọ bò ní gbogbo ojú fèrèsé, òórùn òdòdó gba ibẹ̀ kan, wọ́n sì da aṣọ onírun ẹranko bò ó nínú ooru. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé lẹ́yìn àwọn oníròyìn báyìí, ńṣe ló sáré fa aṣọ fèrèsé ya, tó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kóun rí afẹ́fẹ́ mí.

Lójú tiwa, kò sóhun tó burú jù nínú káwọn alukoro pa irọ́ láti fi ta eré. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọjà ti ń rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn wá ni pé ohun tó kù lónìí tá a lè fi já irọ́ wọn kò tó nǹkan. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa lé e bá. Ti Theda Bara kò rí bẹ́ẹ̀, torí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí òótọ́ ì bá fi lé e bá ti jóná. Ó ṣe Juliet lọ́dún 1916. Lọ́dún 1917, ó ṣe *Cleopatra*, fíìmù tí Fox ná nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù dọ́là lé lórí. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Lọ́dún 1919, ó ní ipa agbọkọlọ́kọ ti sú òun, ó ṣe ọmọbìnrin àgbẹ̀ ará Ireland tí kò mọ wàyó kankan. Inú bí àwọn ọmọ Ireland ní Amẹ́ríkà pé kí ló kan ọmọ Júù nínú rẹ̀, wọ́n sì dàlú rú láwọn gbọ̀ngàn kan. Ṣé ó ṣe é dáadáa? Ṣé òṣèré tó mọṣẹ́ ni, àbí fọ́tò àti egungun òkú nìkan ló gbé e dé ibi tó dé? Kò sẹ́ni tó lè fi gbogbo ẹnu dáhùn. Fọ́tò rẹ̀ pọ̀ lọ jàra, bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn Íjíbítì. Lọ́dún 1919 yẹn kan náà ni Fox jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ olùdarí eré kan, Charles Brabin, lọ́dún 1921, ó tún ṣe fíìmù bíi mélòó kan, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1926 kí fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ tó gbòde. Àìsàn jẹjẹrẹ ló pa á ní Los Angeles lọ́dún 1955.

Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ di gbogbo ẹ̀bi ru iná. Ṣáájú iná ni wọ́n ti pa fíìmù wọ̀nyẹn tì. Gbàrà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lọ́dún 1927, àwọn iléeṣẹ́ sinimá gbà pé èyí tí kò sọ̀rọ̀ kò lè mówó wọlé mọ́. Àwọn kan tà á nítorí fàdákà tó wà lára rẹ̀, àwọn míì dà á nù kí àyè lè gbà wọ́n. Lọ́dún 2013, ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí nǹkan bí 11,000 fíìmù aláìfọhùn tí wọ́n ṣe níbẹ̀ láàárín 1912 sí 1929. Ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ṣì wà bí wọ́n ṣe gbé e jáde gẹ́lẹ́. Ọdún 1988 ni wọ́n tó ṣòfin tó dá ìgbìmọ̀ ìtọ́jú fíìmù sílẹ̀. Fíìmù 25 ni wọ́n ń yàn lọ́dọọdún pé kò gbọ́dọ̀ sọ nù. Lọ́dún 2015, wọ́n yan *A Fool There Was*, ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn tí Bara ti kú.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Nàìjíríà ju bí àwọn aláṣẹ wa ṣe ń ṣe lọ. Lọ́dún 1926, àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì wá ya fíìmù aláìfọhùn kan, *Palaver*, lágbègbè Bauchi níhà Àríwá. Wọ́n kó àwọn ọmọ Súrà àti Áńgàs sínú eré náà, wọ́n sì fi wọ́n hàn bí ẹni tí ojú wọn kò là, tí òyìnbó ló gbọ́dọ̀ wá báni tún ìlú ṣe. Fíìmù yẹn ń bẹ nínú ilé ìpamọ́ BFI, ìyẹn àjọ fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dòní, kò sóhun tó ṣe é. Ẹ wá wo tiwa. *Shaihu Umar*, tí Adamu Halilu ṣe lọ́dún 1976 látinú ìwé Tafawa Balewa, a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé ó ti sọ nù pátápátá, àfìgbà tí wọ́n rí àwọn róòlù rẹ̀ ní Jos lọ́dún 2016. Berlin ni wọ́n gbé e lọ láti lọ tún un ṣe, níbẹ̀ náà ni wọ́n sì ti fi hàn aráyé lọ́dún 2018. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì. Àmọ́ ìtìjú ńlá ni fún wa.

Kí ni ká sọ nípa ti Yorùbá? Ogunde, Ade Love, Baba Sala àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, fúnra wọn ni wọ́n máa ń gbé páálí fíìmù àti ẹ̀rọ rẹ̀ kiri láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, torí wọn kò fẹ́ káwọn ajíṣẹ́jà, ìyẹn àwọn olè tó ń ta ẹ̀dà iṣẹ́ oníṣẹ́, rí i dà kọ. Òkè òkun ni wọ́n ti fọ èyí tó pọ̀ nínú fíìmù wọn. Nígbà tó yá, èyí tó wà nílé di ẹrù olóògbé, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ àti mọ̀lẹ́bí. Fíìmù ayé tiwọn kì í gbiná bíi náítíréètì, ṣùgbọ́n bí ooru àti ọ̀rinrin bá mú un, á máa rùn bíi fínígà, á súnkì, á sì ká kò tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ kò ní lè gbé e mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò tó tẹ̀ lé e kò sàn jù ú lọ: ọdún bí ogún tó kún fún òjò ti tó kí èéhù bo tẹ́ẹ̀pù inú rẹ̀. Àwọn èwe tó ń gbé fíìmù sórí YouTube lónìí náà lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti ṣánẹ́ẹ̀lì wọn pa, tí ẹ̀dà inú kọ̀ǹpútà sì bàjẹ́, ó parí.

Ohun tá a ń béèrè fún kò le. Òfin ọdún 1993 tó dá Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀ ti ní kí olùṣe fíìmù gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá kó tó lè gbà ìwé àṣẹ. Kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún un: ẹ̀dà kan tó mọ́ jù lọ gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìpamọ́ fíìmù ìjọba ní Jos, kò sì gbọdọ̀ jáde níbẹ̀ láìsí ìyọ̀ǹda ẹni tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é fún ìwé láti ọdún 1970 tí òfin Ilé Ìkàwé Ìjọba ti wà. Kí ìjọba fi owó tí kò ní yẹ̀ sínú ìtọ́jú ilé yẹn, àti iná mànàmáná tí kò ní kú, torí yàrá tútù tí kò ní ọ̀rinrin ni egbòogi fíìmù. Ìkẹta ni pé kò gbọdọ̀ jẹ́ ojúkan ṣoṣo. Ohun tó pa Fox lára ní Little Ferry ni pé ilé kan ni wọ́n kó fíìmù tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jọ sí. Ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn ní Àjọ DAWN ní Ìbàdàn tí wọ́n fi ń ṣe nǹkan pọ̀. Kí wọ́n fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ilé ìpamọ́ kejì, kí ẹ̀dà gbogbo fíìmù Yorùbá máa wọ ibẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn kan máa ní ebi ń pa ará ìlú, kí ni ti fíìmù àtijọ́. Ohun tí àwọn iléeṣẹ́ sinimá gbà nígbà náà náà nìyẹn, pé kò lè mówó wọlé mọ́. Lónìí, ìyókù iṣẹ́ Bara kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá rí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nínú *Cleopatra*, ìròyìn ni. Ẹ̀rù tó ń ba àwọn onífíìmù nípa ajíṣẹ́jà, òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tá a fi ní kí ìyọ̀ǹda wọn wà nínú òfin. Ṣùgbọ́n fíìmù tó jẹrà sínú yàrá ẹ̀yìnkùlé, kò sẹ́ni tó máa rówó lórí rẹ̀, olówó rẹ̀ tàbí olè.

Iṣẹ́ kan wà tí kò nílò òfin kankan. Kí àwọn mọ̀lẹ́bí tí páálí fíìmù ẹni tó ti kú wà lọ́dọ̀ wọn má sun ún, kí wọ́n má sì gbé e jù síta nígbà tí wọ́n bá ń tún ilé kun ọ̀dà. Kí àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yan ẹni tí wọ́n lè kó o fún, kí wọ́n sì kéde orúkọ ilé náà lórí rédíò kí ọdún yìí tó parí.