f(x + 3) kì í ṣe f(x) + 3

Orúkọ ìlànà ìṣirò kan ni f; ohun tó bá wà nínú àkámọ́ ni ìlànà náà ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé bí wọ́n bá ní ká wá f(x + 3), ká kàn ṣe f(x) tán ni, ká wá fi 3 lé e. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ pẹ́, òdo ni mo sì ń gbà lórí rẹ̀. Irọ́ ni o.

Ẹ jẹ́ ká mú f(x) = x² − 4x + 1. Àyè lásán ni x yẹn. Ohun tí ìlà náà ń wí ni pé: ohunkóhun tó bá bọ́ sínú àkámọ́, ẹ fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ yọ ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ kúrò, ẹ wá fi 1 kún un. Bó bá jẹ́ x + 3 ló wà níbẹ̀, òdindi x + 3 ló gbọ́dọ̀ wọ gbogbo ibi tí x wà, tòun ti àkámọ́ rẹ̀:

f(x + 3) = (x + 3)² − 4(x + 3) + 1
= x² + 6x + 9 − 4x − 12 + 1
= x² + 2x − 2

Ọ̀nà àbùjá ńkọ́? x² − 4x + 4 ló máa gbé wá. Ẹ fi 2 sípò x, x + 3 á di 5. f(5) gan-an jẹ́ 25 − 20 + 1, ìyẹn 6. Ìdáhùn tiwa bọ́ sí 6. Ti àbùjá di 0.

Ṣùgbọ́n ẹ fura: ká ní 1 lẹ fi dán an wò ni, méjèèjì ì bá fún yín ní 1! Nọ́ńbà kan ṣoṣo tó lè tanni jẹ níbí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ òun lọwọ́ èèyàn máa ń yá sí.

Ibi tí àṣìṣe yìí ti ń wọlé ò jìnnà. Irú f(x) = x + 5 ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, f(x + 3) jẹ́ x + 8, f(x) + 3 náà sì jẹ́ x + 8, ọkàn wá balẹ̀.

Àwọn kan tún ní nọ́ńbà nìkan ló yẹ inú àkámọ́, pé àṣejù olùkọ́ ni ìyókù. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò tó kọ́kọ́ lo f báyìí nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti ọdún 1734, f(x/a + c) ló kọ.

Bákan náà ni f(−x) rí: (−x)² − 4(−x) + 1, tó di x² + 4x + 1. Ẹni tó bá ju àkámọ́ nù á kọ −x² − 4 − x + 1, kò sì ní mọ ibi tí ìlọ́po mẹ́rin gbà sọnù.