Ojú tó wà lára owó wúrà Róòmù kì í ṣe fọ́tò Késárì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí Késárì ṣe rí gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe yà á sára owó wúrà. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Késárì Augustus. Ọdún 63 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n bí i. Ní nǹkan bí ọdún 2 ṣáájú ìbí Kristi, ìlú Lugdunum, tí à ń pè ní Lyon lónìí, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó tó ní Gaius àti Lucius, àwọn ọmọ tó gbà ṣọmọ, lẹ́yìn. Bàbá wọn ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà, àmọ́ ojú ọ̀dọ́mọkùnrin ló wà níwájú owó: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dán, ara kò hunjọ. Ẹni ọdún 75 ló kú. Ojú rẹ̀ lórí owó kò darúgbó.

Ẹni tó ń fín irin òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ owó kì í sábà fojú kan Késárì. Àwòrán tí ààfin fọwọ́ sí ló ń wò fín. Òdì ló máa fín in, kó jin wọnú irin, nítorí pé bí òòlù bá ba irin náà, tí wúrà wà láàárín òun àti irin ìsàlẹ̀, ohun tó jin ni yóò yọ sókè. Aureus, ìyẹn owó wúrà Róòmù, kò fẹ̀ ju nǹkan bí 20 mìlímítà lọ, nítorí náà bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, imú ti gùn nìyẹn. Bí òǹtẹ̀ bá sì sán, wọ́n á fín òmíràn.

Ti Késárì Trajan tiẹ̀ hàn gbangba. Ó wà lẹ́bàá odò Rhine nígbà tí Nerva, Késárì tó ṣáájú rẹ̀, kú ní ọdún 98, ọdún 99 ló tó wọ Róòmù. Owó rẹ̀ àkọ́kọ́ jọ Nerva!

Òótọ́ ni pé ti Nero yàtọ̀: láti ọdún 54 sí 68, ọrùn rẹ̀ ń ki sí i lójú owó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Késárì Diocletian pín ìjọba sọ́nà mẹ́rin ní ọdún 293, fún òun, Maximian àti àwọn alákòóso méjì míì, orí onígun mẹ́rin, irùngbọ̀n kúkúrú, ọrùn kíki ni gbogbo wọn ní. Ìṣọ̀kan ni wọ́n fẹ́ fi hàn.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó yí orí ká ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ẹ wá orúkọ, lẹ́yìn náà TR P, ìkékúrú tribunicia potestas, ìyẹn agbára agbẹnusọ aráàlú tí Késárì ń dì mú. Bí nọ́ńbà bá tẹ̀ lé e, iye ọdún tí Késárì náà ti di agbára yẹn mú ló ń sọ. Ẹ bo ọ̀rọ̀ lára owó Diocletian àti Maximian, ẹ ó rí i bó ṣe ṣòro tó láti mọ èyí tí í ṣe ta ni.