Kí ẹ tó náwó lé ìwé ẹ̀rí, ẹ mọ ìlú tẹ́ ẹ ń lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gboyè nínú mechanical engineering, tẹ́ ẹ fẹ́ já pa, ẹ má bínú sí mi. HSE 1, 2, 3, ìwé ẹ̀rí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n ń polówó káàkiri Ìkẹjà àti Yábàá, tí wọ́n tún ń gbé bá àwọn àgùnbánirọ̀ nínú àgọ́, kò sẹ́ni tó máa bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín ní Kánádà. Ẹ di owó yẹn mú.

Láísẹ́ǹsì enjiníà ni wọ́n ń bèèrè ní Kánádà níbí. Àjọ tí wọ́n ń pè ní PEO ló ń fúnni ní Ontario, APEGA sì ni ti Alberta. Bí ẹ bá ń pe ara yín ní enjiníà láìní in, ẹ ti rú òfin. Amẹ́ríkà ní tiwọn, ìdánwò FE lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, ìbéèrè 110, kí ẹ tó kan PE, ìdánwò láísẹ́ǹsì gan-an. COREN, ìforúkọsílẹ̀ enjiníà ti Nàìjíríà, dára o, àmọ́ kò rọ́pò ìkankan nínú wọn.

NDT, ìyẹn àyẹ̀wò irin àti páìpù láìbà á jẹ́, ló ń jẹ owó àwọn èèyàn jù. Ìwé ẹ̀rí Level II (ipele kejì) tí wọ́n ṣe lábẹ́ ìlànà SNT-TC-1A, ilé iṣẹ́ tó gbà yín síṣẹ́ ló ń fúnni, kì í ṣe ASNT, ẹgbẹ́ NDT ti Amẹ́ríkà tó kọ ìlànà náà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀ ló kú. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ tuntun fi máa ń ní kí ẹ tún ìdánwò ṣe. Ká má wá sọ ti ẹni tí kò di probe (irinṣẹ́ àyẹ̀wò) mú rí lẹ́nu iṣẹ́, tí ilé ẹ̀kọ́ kan wá fún ní Level II lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan: bébà ló rà. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ epo lẹ fẹ́, ìwé ẹ̀rí API 510 (àyẹ̀wò àgbá oníìfúnpá) tàbí 570 (àyẹ̀wò páìpù) sàn jù. API, àjọ iṣẹ́ epo ti Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ ló ń fúnni, kò sí ọ̀gá tó lè gbà á padà, ọdún mẹ́ta mẹ́ta lẹ ó sì máa sọ ọ́ dọ̀tun. Àmọ́ wọ́n á bèèrè ìrírí iṣẹ́ ayẹ̀wò kí wọ́n tó jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó ṣe ìdánwò.

PMP, ìwé ẹ̀rí dídarí iṣẹ́ àkànṣe ńkọ́? Oṣù 36 tẹ́ ẹ ti fi darí iṣẹ́ ni wọ́n ń fẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kó sinmi. Wọ́n máa ń tọpinpin ohun téèyàn kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Èyí tí kò náni lówó ni wọ́n ń gbàgbé: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe. Oṣù 48 iṣẹ́ ni PEO ń bèèrè, láti 2023 kò sì di dandan mọ́ kí ìkankan jẹ́ ti Kánádà. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe ní Àpápá tàbí Ọ̀rẹ́gún lè wọlé, bí ọ̀gá enjiníà bá lè jẹ́rìí sí i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: ọjọ́ wo, pọ́ńpù wo, kí ló bàjẹ́, ìṣirò wo lẹ ṣe, kí ló yọrí sí. “Mo bójú tó jẹnẹrétọ̀” kò tó. Kí ẹ sì gba íméèlì ọ̀gá náà tó jẹ́ tara ẹ̀, torí wọ́n á ti íméèlì ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa tó bá fẹ̀yìn tì.