Pọ́tímáńtò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá Ṣọ́jà

Èrò tèmi rè é, ẹni tó bá fẹ́ kó bínú: ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, a mọ bí a ṣe ń sin bàbá ṣọ́jà ju bí a ṣe ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ lọ. Ó di ìgbà tó bá kú tán ká tó ra aṣọ ẹbí, ká tó máa wá fọ́tò tó ti dé bẹ́rẹ́ẹ̀tì kiri. Nígbà tó wà láàyè, ta ló bi í pé nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́?

Àwọn tó ja ogun Bọ́mà láyé ogun Hitler ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1944, tí wọ́n kó lọ sínú igbó Arakan láti bá àwọn ará Japan jà, á ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Àwọn tó kù láàárín wa, ti ogun abẹ́lé ni wọ́n, 1967 sí 1970. Gbogbo ayé ló mọ Benjamin Adékúnlé tó kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun 3 Marine Commando lọ sójú ogun. Kọ́pùrà tó tẹ̀lé e lẹ́yìn, tó padà wálé, tó ń fi owó pẹ́ńṣọ̀n ra yunifọ́ọ̀mù fún ọmọ-ọmọ, òun ni mò ń sọ.

Orúkọ ni wàhálà àkọ́kọ́ nínú àwọn ìwé tó wà nínú pọ́tímáńtò rẹ̀. Láyé ogun Hitler, akọ̀wé tó ń gba èèyàn síṣẹ́ ológun kì í da ara rẹ̀ láàmú: dárúkọ ara rẹ, dárúkọ ìlú rẹ, ó parí. Bí ọ̀pọ̀ ṣe di Lágbájá Ògbómọ̀ṣọ́ àti Làmọ́rín Ọ̀yọ́ nìyẹn, ìlú wá di orúkọ bàbá. Àwọn tó wọṣẹ́ lẹ́yìn náà láti Òkè Ọya, níbi tí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò kiri, lè máa jẹ́ orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n ní Jọ́ọ̀sì tàbí Kánò nínú ìwé. Àwọn ọmọ wá ń jẹ́ orúkọ agboolé. Bàbá kú, ìwé kò bá ìwé mu.

Ìgbà tí bàbá ṣì lè fọwọ́ sí nǹkan ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sí kóòtù, kó fúnra rẹ̀ búra pé ẹni tó ń jẹ́ orúkọ àtijọ́ náà ló ń jẹ́ tòní. Ìbúra tiẹ̀ wúwo ju èyí tí ọmọ máa ṣe lẹ́yìn ikú lọ. Ẹ so ó pọ̀ mọ́ ẹ̀dà ìwé ìjáde rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wo NIN àti BVN náà; lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀ sí ti ìwé pẹ́ńṣọ̀n tó láti dá owó dúró. Ẹ má fọkàn tán mẹ́dàlì o. Púpọ̀ nínú èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ti Bọ́mà ni kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára.

Ìkejì, àpọ́n ni ọ̀pọ̀ wọn nígbà tí wọ́n wọṣẹ́. Orúkọ ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ni wọ́n kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sún mọ́ wọn jù, ẹni náà sì ti lè kú tipẹ́. Bàbá fúnra rẹ̀ ló lè pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ má rò pé òun ti jogún. Ilé ẹjọ́ ló ń fún ẹbí níwèé àṣẹ láti pín ohun tí òkú fi sílẹ̀, gbogbo ìyàwó àtọmọ ló sì gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀. Ìdí igi ni o (ká pín in ní iye ìyàwó), orí ò jorí ni o (ká pín in ní iye ọmọ), ẹ jọ sọ ọ́ lójú bàbá.

Pẹ́ńṣọ̀n kì í ṣe ilẹ̀ tọ́mọ ń jogún. Tí bàbá bá kú kí ọdún márùn-ún tó pé lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ìyókù ọdún márùn-ún náà tọ́ sí ẹbí. Èyí tó bá tún ń wọlé lẹ́yìn ìyẹn torí pé ẹnikẹ́ni ò lọ sọ pé ó ti kú, tẹ́ ẹ wá ń fi káàdì rẹ̀ gbà á, olè ni.

Ara ńkọ́? Tí àfọ́kù irin bọ́ǹbù bá wà lára bàbá, ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n tó gbé e wọnú ẹ̀rọ MRI tí wọ́n fi ń wo inú ara. Mágínẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ lágbára débi pé ó lè sún irin náà nínú ara. Kí wọ́n kọ́kọ́ ya X-ray. Etí tí ìbọn ńlá ti bà jẹ́ kò nílò ariwo. Ẹ dúró síwájú rẹ̀ kó lè rí ẹnu yín. Tó bá ń pariwo lójú oorun, ẹ má gbá a mú. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ pe orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 15 Oṣù Kìíní la fi ń rántí wọn, torí ọjọ́ yẹn ni ogun abẹ́lé parí ní 1970. (Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n pa Akíntọ́lá ọmọ wa, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ní 1966, ìdí méjì ni Ògbómọ̀ṣọ́ ní.) Ẹ fi fóònù gba ohùn bàbá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ má bi í pé èèyàn mélòó ló pa. Ẹ bi í pé ta ló ń bá a kọ lẹ́tà sílé, kí ni wọ́n ń jẹ, kí lorúkọ ẹni tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní bárékè. Tó bá dákẹ́, ẹ pa fóònù, kẹ́ ẹ gbé àmàlà wá fún un.