Ẹ Kú Àbọ̀, Òyìnbó Alápò Púpọ̀

Ẹ bá mi kí òyìnbó mìíràn tó tún dé láti wá kọ̀wé nípa Áfíríkà, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fi ń mọ̀ wá tinú tẹ̀yìn. Èyí tí mo rí kẹ́yìn wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ yẹ̀pẹ̀ tí àpò gun àpò lára rẹ̀, ẹ sì gbà mí láyè kí n yìn ín. Àpò wà fún gègé, àpò wà fún ìwé pélébé, àpò wà fún oògùn ibà, àpò wà fún ìpara tí ẹ̀fọn kì í fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọ̀kan tún wà lábẹ́ abíyá tí n kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí mo fi ka ohun tó kọ. Àṣé ibẹ̀ ló kó ìdájọ́ rẹ̀ sí láti ìlú rẹ̀ wá!

Kí ló rí? Ó rí ọlọ́pàá tó ń gbowó lọ́wọ́ awakọ̀, ó sì rí akọ̀wé ìjọba tí kò lè rí fáìlì títí tí wọ́n fi ki nǹkan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, mo ń ṣàlàyé bí owó náà ṣe ń gòkè lọ bá ọ̀gá, àfi bí ìwé ṣe jáde tí mo di "awakọ̀ takisí kan". Èmi tí n kò wakọ̀ rí láyé mi!

Ó tó gẹ́ẹ́. Títí di ọdún 1999, òfin Jámánì gbà kí ilé-iṣẹ́ yọ rìbá tó fún aláṣẹ ilẹ̀ òkèèrè kúrò nínú èrè tí yóò san owó orí lé lórí. Ní 2009, ilé-iṣẹ́ KBR ti Amẹ́ríkà gbà ní kóòtù pé òun jẹ̀bi rìbá tí wọ́n san nítorí iṣẹ́ gáàsì Bonny, wọ́n sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 402 dọ́là lé e. Agbẹjọ́rò kan láti Lọ́ńdọ̀nù wà lára àwọn tó bá wọn gbé owó náà kiri. Nínú gbogbo àpò yẹn, kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀? Àbí ẹni tó ń gbà nìkan ni olè, tí ẹni tó ń fúnni jẹ́ oníṣòwò?

Owó tí Abacha kó, báǹkì Switzerland wà lára àwọn tó gbà á wọlé, kì í ṣe ọlọ́pàá ojú pópó. Kí òyìnbó wa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Geneva, kí ó bi ọ̀gá báǹkì tó so táì mọ́rùn ní irú ìbéèrè tó bi ọlọ́pàá wa, kí ó sì wò ó bóyá onítọ̀hún yóò dúró kí ó ya òun ní fọ́tò.