Wọn Kì Í Kọ́ Èèyàn ní Ọbẹ̀ Sísè Níbẹ̀

Kí ọmọ ilẹ̀ Okun kan, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ṣáà ti lọ gba oyè másítàsì nínú ìmọ̀ oúnjẹ àti ara, kó sì wálé fún Kérésìmesì. Kò ní tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí àwọn ìyá àdúgbò yóò ti máa pariwo pé, "Okun o, dókítà ọbẹ̀!" Bí ìkómọ bá wà ní Kábbà lọ́sẹ̀ náà, òun ni wọn yóò ní kó wá dúró ti ìkòkò. Tó bá wá jẹ́ ọkùnrin, ẹ̀rín ni wọn yóò fi í ṣe: ṣé nítorí oúnjẹ sísè ni bàbá rẹ̀ ṣe ta kaṣú?

Irọ́ pátápátá ni pé oúnjẹ sísè ni wọ́n ń kọ́ wa. Mo ka másítàsì náà parí, kò sí olùkọ́ kankan tó bi mí bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀fọ́. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, abẹ́ ìmọ̀ ìlera àwùjọ ni wọ́n fi ẹ̀kọ́ yìí sí, nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn. Nọ́ọ̀sì, ẹni tó ka biochemistry, ẹni tó ka iṣẹ́ àgbẹ̀, gbogbo wọn ló máa ń pàdé níbẹ̀, ohun tó sì máa ń já wọn láyà jù ni ìṣirò.

Iyán máa ń wọ ilé àyẹ̀wò lóòótọ́. Wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á wá sè é nínú ásíìdì gbígbóná títí yóò fi di omi, kí wọ́n lè mọ iye nitrogen (èròjà kan tí purotéènì ní) inú rẹ̀. Iye yẹn ni wọ́n á fi 6.25 sọ di púpọ̀ kí wọ́n tó mọ iye purotéènì tó wà níbẹ̀. Kjeldahl, ará Denmark, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde ní 1883. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ irú iyán bẹ́ẹ̀ wò, kó kọ́kọ́ dágbére fún ahọ́n rẹ̀.

Àwọn kan á ní, ó dáa, kì í ṣe oúnjẹ sísè, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀wà àti ẹja dára fún ọmọdé, tí ẹnìkan fi ní láti lọ ka másítàsì lé e lórí? Gbogbo wa la mọ̀. Èyí tó dé ẹnu ọmọ gan-an ni a kò mọ̀. Ní ẹ̀yìnkùlé kan ní Ìsánlú, mo bi ìyá kan pé, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ọmọ yìí jẹ láti ìgbà tó ti jí lánàá?" Ó ní iyán. Báwo ló ṣe tó? Ó di ẹ̀ṣẹ́ hàn mí. Mo gbé abọ́ àti òṣùwọ̀n jáde, mo ní kí wọ́n bu irú rẹ̀. Ẹja ńkọ́? Wọ́n ní ó jẹ ẹja. Ọmọ náà gbẹ́nu sókè: "Omi ọbẹ̀ ni!" Àná sì tún jẹ́ ọjọ́ ọjà, oúnjẹ ọjọ́ ọjà kì í sì í ṣe ti ojoojúmọ́, nítorí náà mo ní láti padà lọ lọ́jọ́ mìíràn.

A tún máa ń wọn apá ọmọ, láti oṣù mẹ́fà títí dé bí ọdún márùn-ún. Bí àyíká apá òkè bá kéré sí sẹ̀ǹtímítà 11.5, ewu ti dé, ilé ìwòsàn ló kàn. A ó tún fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ojú ibi tí a tẹ̀ bá jìn tí kò sì tètè dìde, omi ló kún ara ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ àwọn kan á máa ní ọmọ náà sanra dáadáa! Dókítà Cicely Williams kọ̀wé nípa àìsàn yìí, tí wọ́n ń pè ní kwashiorkor, ní 1933, láti Gold Coast tó di Gánà lónìí, lára àwọn ọmọ tó jẹ́ pé àgbàdo ni oúnjẹ wọn.

Ẹ tún wo Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, dókítà iṣan ara, ọmọ Òkèmẹ̀sí. Àwọn ará Òṣósà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹsẹ̀ wọn kú tìpìrì, ojú àwọn mìíràn ń ṣú. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó sì so ọ̀rọ̀ náà mọ́ májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ. Èyí ni mo máa ń rántí bí mo bá rí ẹni tó ń kánjú yọ ẹ̀gẹ́ kó tó kan dáadáa.

Mi ò tàbùkù alásè o. Ẹni tó lè se ìrẹsì fún igba èèyàn láìjóná, èmi kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò oúnjẹ fún alátọ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn pàápàá ní láti mọ ilé ìdáná díẹ̀.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ gba fọ́ọ̀mù, kó kọ́kọ́ béèrè abẹ́ ẹ̀ka tí ilé ìwé náà fi ẹ̀kọ́ yìí sí. Tó bá wà lábẹ́ ìṣègùn, aláìsàn àti ará ìlú ni iṣẹ́ ìwádìí sábà máa ń dá lé. Tó bá wà lábẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, irè oko ni. Kó tún béèrè olùkọ́ tí yóò bójú tó iṣẹ́ ìwádìí náà kó tó sanwó, torí ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ ti ilé àyẹ̀wò lè má fẹ́ kí ọmọ yín máa gbé òṣùwọ̀n káàkiri Yàgbà. Kí ọmọ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìṣirò rẹ̀ ṣe báyìí.