Omi ni àbí ọtí?

Wọ́n jí alùpùpù mi gbé lójú ọkùnrin mọ́kànlá. Mo kà wọ́n, n kò fojú bù ú. Mọ́kànlá, láì ka èmi tí mo wà lórí àga onígbàjámọ̀, tí ó ti fá apá ọ̀tún orí mi tán tí kò tíì kan apá òsì. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà ṣí gbayawu sí títì, alùpùpù wà níwájú rẹ̀ gan-an. Bí ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bá na ẹsẹ̀, yóò kàn án. Olè dé, ó gùn ún, ó ṣáná sí i, ó bá tirẹ̀ lọ. Nínú Àjàṣẹ́ níbí o, Porto-Novo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, lọ́sàn-án gangan, lọ́nà ọjà Wàndó tí èrò kì í dá.

Kí ni àwọn mọ́kànlá ń ṣe? Wọ́n ń jiyàn. Lórí kí ni? Lórí fúláàsì Wàsíù Àyìndé, K1 olórin fújì.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ náà. Oṣù Kẹjọ 2025, pápákọ̀ òfurufú Àbújá, Máyégún ilẹ̀ Yorùbá fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Èkó, fúláàsì wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kò lè gbé e wọlé, ó di gbọ́nmisi-omi-ò-to, bàbá lọ dúró síwájú ọkọ̀ òfurufú. Àwọn aláṣẹ pápákọ̀ ní ọtí ló wà nínú rẹ̀, òun ní omi ni. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ti kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọba Adétọ̀nà ti wàjà, tí K1 ní òun náà fẹ́ du oyè Awùjalẹ̀, fúláàsì tún jí. Ṣé ẹni tó gbé ọtí wọkọ̀ òfurufú lè jọba Ìjẹ̀bú? Ta ní ní ọtí ni? Omi ni! Ṣé o wà níbẹ̀ ni? Wọ́n tún yí orin sókè láti inú sípíkà tó ga tó mi léjìká, orin tí wọ́n fi ń yin àwọn ọmọ Yahoo, irú àwọn tí àwa níbí ń pè ní gaïman. Ibo ni mo ti fẹ́ gbọ́ ìró alùpùpù ara mi?

Mo sáré jáde tòun ti ààbọ̀ orí. Mo figbe ta. Ẹ ó rò pé wọn á gbá tẹ̀ lé mi. Ọ̀kan nínú wọn, àgbàlagbà ni, gbá mi mú léjìká, ó ní, "Bàbá, ẹ fara balẹ̀ o. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìjà alùpùpù ló pa Àyìnlá Ọmọwúrà?" Ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀! Abẹ́òkúta, 6 oṣù Karùn-ún 1980, nílé ọtí, máníjà rẹ̀ ló pa á, torí alùpùpù tí kò dá padà. Wọ́n mọ ọjọ́, wọ́n mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Alùpùpù tó dá ìjà sílẹ̀ ní Ẹ̀gbá láti ọdún 1980 kò ṣókùnkùn sí wọn. Tèmi tó wà níwájú wọn, mo bi wọ́n pé aṣọ wo ni olè náà wọ̀. Ẹnì kan ní pupa, ẹnì kan ní kò wọṣọ.

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ ẹjọ́ mi sílẹ̀ ní Faransé bi mí ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí ń ṣe lásìkò tí olè dé. Mo sọ òtítọ́ fún un. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin Nàgó lẹ máa mọ̀. Omi ni àbí ọtí?" Nàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí.

Láti ọjọ́ yẹn ni inú ti ń bí mi, kì í sì ṣe torí 450,000 sẹ́fà tí mo fi rà á nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n bi wá. Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù Kejìlá 2025, mo ń fi àkàrà mu kókó nílé, fóònù dún. Àbúrò mi ni, láti Ìkòròdú. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé àlàáfíà lẹ wà? Wọ́n ní àwọn sójà ti gbàjọba lọ́dọ̀ yín." Mo ní ìjọba wo? Àwọn sójà ti jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n ní Kútọnu, Pascal Tigri ni olórí wọn, wọ́n ní àwọn ti yọ Talon tó jẹ́ ààrẹ wa. Ẹni tó wà ní Ìkòròdú ló wá tú u sí mi létí, èmi tí mo wà ní olú ìlú! Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ọkọ̀ òfurufú Nàìjíríà fi dé, tí wọ́n ju bọ́ǹbù lù wọ́n. Talon jáde lálẹ́, ó ní gbogbo rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo lọ síbi onígbàjámọ̀ kí n lè gbọ́ ohun tó mú kí ọmọ ológun wa ṣe irú èyí. Àwọn èèyàn mi ń jiyàn bóyá ó yẹ kí Tinubu rán sójà kó tó gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn Sẹ́nétọ̀ ní Àbújá.

Oṣù kan ṣáájú ìyẹn, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, tó jẹ́ pé Àjàṣẹ́ yìí ló wà, sọ ọdún 5 ààrẹ di ọdún 7. Bẹ́ǹṣì dákẹ́. Oṣù Kìíní 2026, a dìbò, ẹgbẹ́ méjì tó wà lẹ́yìn ààrẹ pín gbogbo ìjókòó 109 láàárín ara wọn, ẹgbẹ́ alátakò ò rí ẹyọ kan. Bẹ́ǹṣì ń ka àwọn gómìnà Nàìjíríà tó sá wọ APC, ẹgbẹ́ Tinubu, bí ẹni ń ka owó èsúsú.

Mi ò ní ká dití sí Nàìjíríà o. Nígbà tí wọ́n ti ibodè lóṣù Kẹjọ 2019, a mọ ohun tí ojú wa rí. Nígbà tí Tinubu yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, ara ìgò kpayo, epo fàyàwọ́ láti Nàìjíríà, tó wà létí títì wa ló ti kọ́kọ́ hàn. Kò síbi tí a fẹ́ sá sí.

Mo sì mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ilé ìròyìn kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Olofofo lorúkọ rẹ̀, Yorùbá pọ́nńbélé. Hugues Sossoukpè tó ni ín lọ sí Abidjan ní oṣù Keje 2025, wọ́n mú un níbẹ̀, wọ́n gbé e wá fún ìjọba Bẹ̀nẹ̀. Ta ló tún fẹ́ ṣe olófòófó? Èèyàn lè bú Tinubu láti àárọ̀ dalẹ́ ní Àjàṣẹ́, kó lọ sùn, kó jí. Mo gbà. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ẹ mọ̀ pé n kì í sọ púpọ̀.

Ṣùgbọ́n olè ńkọ́? Ṣé olè náà lè gbé èèyàn lọ sílé ẹjọ́ ni? Òfin wo ló ní kí ọkùnrin mọ́kànlá má ké pé "Olè!"? Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lépa eku. Àwa ń lépa eku tó wà nílé ẹlòmíràn lókè odò.

Onígbàjámọ̀ ti ní kí n wá kó parí apá òsì lọ́fẹ̀ẹ́. Fìlà ni mò ń dé kiri, n kò lọ.

Bajaj pupa ni. Ìjókòó rẹ̀ ya lápá ẹ̀yìn, ìyàwó mi fi aṣọ àǹkárá ewé rán an. Díńgí òsì ti fọ́. Mo kọ KÉTU sára táǹkì rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà funfun. Ẹni tó bá rí i nínú Àjàṣẹ́, Àjàrà tàbí Sàkétẹ́, kó jọ̀ọ́ wá sọ fún mi ní Wàndó, ìlà àwọn aláṣọ. Bó bá jẹ́ ti fúláàsì ni, kó má wá.